Ẹ̀kúnwọ́ Méje

Àtìní, 9 Ṣẹ́rẹ́ 2017

A kúrò ní ọsibítù ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Dókítà náà kò lè ju ẹgbẹ́ Huda ọmọ wa lọ. Ó mú mi lọ sí kọ̀rọ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Jẹjẹrẹ ni. Inú ẹ̀dọ̀ Hàwáwù ìyàwó mi ló wà, ó sì ti tàn kọjá ohun tí wọ́n lè fi iṣẹ́ abẹ yọ. Mo ní kí ó sọ iye oṣù fún mi. Ó ń yí ọ̀rọ̀ po. Mo ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì, nọ́ńbà kì í bà mí lẹ́rù. Ó ní mẹ́ta, bóyá mẹ́rin.

Hàwáwù kò bi mí ní ohun tí a sọ. Abẹ́ afárá Kawo ni a dé kí ó tó lanu.

"Bàbá Huda, ta ni yóò po ìrẹsì ọjọ́ Jímọ̀?"

Ọyẹ́ le. Eruku bo gbogbo òrùlé Hayin Banki, àdúgbò wa ní Kaduna. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti sùn.

Àlàrùbá, 11

Ó pe Huda sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ní kí èmi náà jókòó. Ó ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni òun ti ń din máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, tà níwájú ilé yìí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, pé owó oṣù mi nìkan kò lè rán ọmọ lọ sí yunifásítì, gbogbo wa la mọ̀. Huda kò níṣẹ́ láti ìgbà tí báńkì ti ní kí wọ́n máa lọ sílé. Òun kò ní í lọ, ó ní, títí Huda yóò fi lè dúró lórí iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀.

Kò sọ ibi tí òun ń lọ. Kò sí ẹni tó bi í.

"Wàá rẹ múdù ìrẹsì kan mọ́jú. Wàá se agolo mílíìkì méjì lọ́tọ̀, kó má rọ̀ jù. Bí wọ́n bá ti lọ èyí tó o rẹ dé, wàá bu ẹ̀kúnwọ́ méje nínú èyí tó o sè, wàá máa fi ìka rún un sínú ẹ̀."

"Ẹ̀kúnwọ́ ta ni, Mummy?"

"Ẹ̀kúnwọ́ èèyàn."

"Ṣúgà ńkọ́?"

"Títí tí wàá fi rí i pé ó tó."

"Haba, Mummy! Báwo ni mo ṣe máa rí i? Ojú yín kọ́ ló wà lójú mi." Ó kọjú sí mi. "Baba, wallahi, gíráàmù ni mo fẹ́. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di gíráàmù fún mi, màá ṣe é."

Hàwáwù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àtìní nìyẹn. "Ọmọ olóṣùwọ̀n. Mo ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ bàbá ẹ lo máa sá lọ."

Mo ti ní iṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 14

Mo ra òṣùwọ̀n kékeré tó ń lo bátìrì ní ọjà àárín ìlú, ₦4,200. Mo fi lítà omi kan dán an wò, ó fún mi ní gíráàmù 998. Mo gbà á. Mo lẹ bébà funfun mọ́ ògiri ilé ìdáná, mo sì kọ "Máásà Hàwáwù" sí òkè rẹ̀. Mo fa ìlà méjì: ohun tí Hàwáwù sọ, àti gíráàmù.

Ìlà kejì ṣófo pátápátá.

Àtìní, 16

Mo gbé òṣùwọ̀n lọ bá Ahmed ní ọjà Kawo. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni Hàwáwù ti ń ra ìrẹsì kí ó tó di ọwọ́ tirẹ̀. Bí ó ṣe rí ohun tó wà lábẹ́ apá mi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Màlámù, ṣé ìjọba ló rán yín?" Èdè Hausa ni a ń sọ.

"Ìyàwó mi ló rán mi. Wọn múdù ìrẹsì tùwó kan fún mi."

Ó wọ̀n ọ́n, ó fi ọwọ́ gé orí rẹ̀ dọ́gba. 1,338. Mo ní báyìí ni Hàjíyà ṣe máa ń rà á? Ó ní rárá o, èyí ti àlejò ni. Ó tún wọn òmíràn, ó kó o jọ títí orí rẹ̀ fi ṣe ṣónṣó bí òrùlé. 1,604. Mo ní èyí ni tirẹ̀? Ó ní èyí ti oníbàárà ni. Ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní gyara, èènì ni tiwa. 1,690.

"Èyí ni ti Hàjíyà."

Múdù kan náà, orúkọ kan náà, ìwọ̀n mẹ́ta. Ká ní mo ti dúró sórí ti àkọ́kọ́, à bá ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Hàwáwù nígbà tí mo délé. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wá mọ̀ pé èèyàn ń bẹ nínú múdù." ₦540 ni mo san. Ahmed ní kí n bá òun kí i, ó bi mí ohun tó ń ṣe é. Mo ní ara rẹ̀ kò yá díẹ̀.

Àlàmísì, 19

Ọjọ́ iṣẹ́. Mo gbé àga onítìmùtìmù síta, níbi tí oòrùn ti ń wọ àgbàlá. Huda fi ìbora yí Hàwáwù lẹ́sẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n sè wà nínú ìkòkò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìrẹsì lílọ̀ wà nínú ike, òṣùwọ̀n wà lórí àpótí níwájú mi. Ó ń bù ú lé orí abọ́ òṣùwọ̀n, mo ń kà á, Huda ń kọ ọ́ sílẹ̀.

58. 61. 60. 59. 61. 60. 61.

Àpapọ̀ 420. Ẹnu yà mí: ẹ̀kúnwọ́ méje, ìyàtọ̀ gíráàmù mẹ́ta péré láàrin èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù! Àwọn ọmọ kan wà ní ọdún kẹta tí wọn kò lè fi ẹ̀rọ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ gbé mi wọlé, ó ti rẹ̀ mí." Huda gbé e wọlé.

Ṣúgà 260. Yíìsì 11. Iyọ̀ 14. Mo fi bíró pupa kọ 420 sí ìlà kejì.

Ọjọ́ náà dùn mọ́ mi. Mo kọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni.

Jímọ̀, 20

Huda din máásà àkọ́kọ́ ní aago mọ́kànlá. Ojú rẹ̀ pọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n kò wú. Àlhájà Faridah, tí ó ti ń ra ogún ní gbogbo Jímọ̀ fún ọdún méjìdínlógún, bu ẹyọ kan jẹ lórí ìdúró.

"Huda, òkúta lo lọ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Àlhájà. Ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́ ti ìyá ẹ ńkọ́? Ọdún wo ni ọyẹ́ kì í mú?" Ṣùgbọ́n ó ra ogún náà. Ó bi mí léèrè Hàwáwù, mo sì sọ òótọ́ fún un, nítorí pé irú ẹni tí à ń parọ́ fún kọ́. Ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú, ó lọ.

Mo gbé ẹyọ kan fún Hàwáwù. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀. "Ó le. Kò sí ara nínú ẹ̀."

Jímọ̀, 27

Ìwọ̀n ooru ilé ìdáná ní àárọ̀: mẹ́tàdínlógún. Ìrẹsì pípò kì í wú nínú òtútù. Mo ní kí Huda fi aṣọ ìrọ̀rí yí ike rẹ̀, kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí ó ti ń móoru. Ó dára díẹ̀. Ó ṣì le.

Jímọ̀, 3 Èrèlé

A pààrọ̀ yíìsì. Ó ṣì le.

Àlàrùbá, 8

Hàwáwù rántí káún, tí ó ti gbàgbé láti sọ.

"Báwo ló ṣe máa pọ̀ tó?" ni Huda bi í.

"Bí èékánná."

"Èékánná wo?"

"Ti àtàǹpàkò. Ti ẹsẹ̀ kọ́ o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Hàwáwù fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Gíráàmù mẹ́ta. Mo rò pé àìsí káún yìí ni gbogbo ìṣòro wa. Ṣúgà ti di ₦490 múdù.

Àtàlátà, 14

Wọ́n fa omi kúrò ní ikùn rẹ̀ ní ọsibítù, lítà mẹ́rin àti ìdá márùn-ún lítà kan. Ó rí i pé mò ń kọ ọ́.

"Ẹ wọn ìyẹn náà?"

"Wọ́n ti wọ̀n ọ́n."

"Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fi gyara sí i."

Nọ́ọ̀sì kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Jímọ̀, 17

Kì í ṣe káún. Nínú igba ó lé ogún, mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ni a tà. Àlhájà Faridah ra mẹ́wàá dípò ogún.

Mo gbọ́ wọn nínú yàrá.

"Ọwọ́ ẹ ló le, Huda. Èèyàn kì í po oúnjẹ bí ẹni ń jà."

"Mummy, nọ́ńbà Baba ni mo tẹ̀ lé! Gíráàmù mọ́kànlá tí wọ́n bá sọ, mọ́kànlá ni mò ń wọ̀n! Kí ni mo tún ṣe?"

"Nọ́ńbà kò ní ọwọ́."

"To, mi ò lọ́wọ́ náà nìyẹn." Ó jáde, ó kọjá lára mi, ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀ ní Hausa. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ìyá òun máa kú pẹ̀lú ìbínú sí òun nínú.

Mo tún gbogbo nọ́ńbà yẹ̀ wò. Mo tún fi lítà omi dán òṣùwọ̀n wò. 998. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Àlàmísì, 23

Mo wọ ilé ìdáná ní bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ láti wá omi tí màá fi ṣe àlùwàlá. Huda jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọbẹ̀ àná jẹ ìrẹsì nínú ìkòkò.

"Ìrẹsì wo nìyẹn?"

"Ti máásà tó ṣẹ́kù ni, Baba."

"Ó máa ń ṣẹ́kù?"

"Ní gbogbo Àlàmísì. Mo máa ń bu 420, ìyókù á wá kù sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n ni. Ọjọ́ yẹn Mummy bu méje, wọ́n sì fi èyí tó kù sílẹ̀. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ kù fún."

"Nígbà tí òun ń ṣe é fúnra rẹ̀, ǹjẹ́ ó máa ń ṣẹ́kù?"

Ó ronú. "Rárá. Ìkòkò máa ń mọ́. Ẹ ò rántí ni? Bí mo bá ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún mi, wọ́n á ní méje ni, méje ló sì wà níbẹ̀."

Mo gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì jẹ ju ṣíbí méjì lọ. Mo wọn èyí tó kù, mo fi ṣíbí méjì kún un. 208.

Agolo méjì, bí wọ́n bá ti sè é: 628. Ẹ̀kúnwọ́ méje ló máa ń tán an, fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀kúnwọ́ kan, nígbà náà, jẹ́ 90 ó dín díẹ̀. Èyí tí mo wọ̀n ní oṣù tó kọjá jẹ́ 60.

Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ní ọdún kìíní pé kí wọ́n má ṣe gbọ́kàn lé ohun èlò kan torí pé ó ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀méje. Ohun èlò tó ti bàjẹ́ náà lè máa sọ ohun kan náà. Mo fi omi dán òṣùwọ̀n wò lẹ́ẹ̀mejì. N kò wo ọwọ́ Hàwáwù.

Ìdá kan nínú mẹ́ta ọwọ́ ìyàwó mi ti lọ, ó sì wà nínú ìkòkò yìí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, tí Huda ń fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́.

"Baba, kí ni?"

Mo ní kò sí nǹkan. Mo ní kí ó máa jẹun rẹ̀ lọ.

Jímọ̀, 24

N kò sọ. A ta mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.

Hàwáwù tún sọ fún Huda pé ọwọ́ rẹ̀ le.  Huda kàn gbé abọ́ jáde.

Àìkú, 26

N kò lè jẹ́ kí Huda máa ru ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nígbà tí Huda ń fọṣọ, mo jókòó ti Hàwáwù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí ó ṣe wà: ìkòkò, 628, 420, 208. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Ó yí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ padà lórí ìbora, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tún yí i padà.

"Ọjọ́ yẹn tí ẹ ń wọ̀n ọ́n, ìrẹsì ń jábọ́ láàrin ìka mi. N kò lè pa á dé. Mo rò pé ẹ rí i."

"N kò rí i."

"Iwájú yín ni mo jókòó sí."

"Ojú òṣùwọ̀n ni mò ń wò."

 Mo kọ ọ́ síbí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kí n má baà yí i padà bí ọjọ́ bá pẹ́.

Hàwáwù ní, "Inú yín dùn lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti jókòó tì mí láìsọ ọ̀rọ̀ oògùn." Ó wá ní kí n pe Huda.

Huda wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ní kí ó na ọwọ́ rẹ̀ wá. Ó gbé tirẹ̀ lé e lórí, àtẹ́lẹwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ìka Huda yọ jáde ní gbogbo ẹ̀gbẹ́.

"Ọwọ́ ẹ kò le," ni Hàwáwù wí. "Ọwọ́ mi ló kéré."

"Kò kéré, Mummy."

"Má parọ́ fún mi. Bàbá ẹ ti wọ̀n ọ́n."

Mo jáde lọ bá aṣọ tí Huda fi sílẹ̀ nínú omi. Mo fọ̀ ọ́ tán, mo sá a.

Àlàmísì, 2 Ẹrẹ́nà

Ooru ti dé, ọyẹ́ ti ká kúrò. Ìwọ̀n ooru ilé ìdáná: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo fi bíró dúdú fa ìlà la 420 láàrin, mo kọ 628. Huda da gbogbo ìrẹsì náà sí i, ó ń fi ìka rún un díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ike náà dé ẹnu yàrá kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Hàwáwù ní kí ó fi ṣíbí gbé e sókè, kí ó jẹ́ kó ṣàn. Ó wò ó bí ó ṣe ń ṣàn.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe máa ń já nìyẹn."

Jímọ̀, 3

Ó wú. Ó wú dé ẹnu ike, Huda sì ké pè mí bí ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje.

A ṣí fèrèsé yàrá tó kọjú sí òpópónà, a fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé Hàwáwù jókòó. Àlhájà Faridah dé lẹ́yìn ìrun. Mo dúró sí inú yàrá, mo ń gbọ́.

"Fún mi ní mẹ́wàá."  Ó ń jẹun. Ó wá pariwo tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́: "Àh! Àh-àh! Hàwáwù! Ta ló ní o dìde? Ta ló ní o wọ ilé ìdáná?"

"Èmi ni mo ṣe é, Àlhájà," ni Huda wí.

"Irọ́ lo pa! Ọwọ́ ìyá ẹ nìyí. Fún mi ní ọgbọ̀n."

Hàwáwù di ọwọ́ mi mú. Kò tẹ̀ mí, kò ní agbára rẹ̀. Aago méjì ààbọ̀ kò tíì lù tí igba ó lé ogún fi tán.

Mo mú ẹyọ kan fún un. Ó gé e díẹ̀, ó ní, "Òun nìyí." Nígbà tí ó sùn, Huda fi ìka yọ ọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò lè gbé e mì. Huda sọ fún mi pé ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá òun kò ti mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà mọ́, pé ó ní kí òun má sọ.

Àlàrùbá, 8

Láti òní, gbogbo ọkọ̀ òfuurufú tó yẹ kí ó lọ sí Àbújá, Kaduna ni wọ́n ń gbà. Ọ̀nà Mando kún fún ọkọ̀ ọlọ́pàá àti sírénì. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni mo fi lọ ra oògùn ìrora ní Kawo, èyí tí mo ń fi mẹ́wàá lọ. ₦3,150.

Àbámẹ́ta, 11

Hàwáwù ní kí n gbé bíró sílẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀.

Àlàrùbá, 15

Hàwáwù kú ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá, lẹ́yìn Àsùbáà. Wọ́n sin ín kí ó tó di Àyílà.

Àlàrùbá, 22

Ọjọ́ kẹjọ. Àáfà wá láti Ìlọrin pẹ̀lú àwọn àbúrò Hàwáwù ọkùnrin méjì. Huda din irínwó máásà. Mo ní kí a san owó fún ẹlòmíràn láti ṣe é. Ó ní, "A'a, Baba," ó sì wọ ilé ìdáná.

Ahmed gbé àpò ìrẹsì kan wá lórí ọ̀kadà. Mo mú owó jáde. Ó ní gyara ni. Gbogbo àpò náà.

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ń sùn. Mo ní wákàtí mẹ́rin, ó dín díẹ̀.

Jímọ̀, 7 Igbe

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní àná, kò tó ìṣẹ́jú méjìlá. A ta gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí Hàwáwù ti lọ ni mo ti ń jẹ ẹyọ kan ní gbogbo Jímọ̀ nígbà tí ilé bá dákẹ́, mo sì máa ń dijú. Ó pé. Kò sí gíráàmù kan tí kò sí níbẹ̀.

Jímọ̀, 21

Mo pẹ́ ní mọ́sáláṣí. Nígbà tí mo dé, abọ́ ti fẹ́ẹ̀ tán, àwọn ọ̀dọ́ tí n kò rí rí sì tò síwájú ilé. Huda fún mi ní mẹ́rin nínú bébà. Mo gé ti àkọ́kọ́. Mo dijú.

Kì í ṣe òun.

"Huda, kí lo ṣe sí i?"

"Ó dùn àbí kò dùn?"

"Kí lo ṣe sí i?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Mo dín ṣúgà kù, mo rin àgbọn sí i. Àná ni mo rò ó. Àwọn ọmọléèwé fẹ́ràn ẹ̀, Baba, wọ́n ti ń béèrè ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kódà Àlhájà Faridah ra ogójì, wọ́n ní ti Mummy tẹ́lẹ̀ ni ṣùgbọ́n tèmi ni báyìí." Ó wo ojú mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣé kí n dá a padà?"

Mo jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ìdúró kí n lè ráyè ronú. Ó rọ̀, ó wú, àgbọn rẹ̀ kò pọ̀ jù. Ó dùn gan-an. Kò ku ibì kan lórí ilẹ̀ ayé tí mo ti lè jẹ ti Hàwáwù, àfi bí mo bá ní kí ọmọ yìí máa ṣe ti òkú fún mi títí láé.

"Má dá a padà," ni mo wí.

"Ẹ wá bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kó má baà sọnù."

Mo gbé òṣùwọ̀n sórí tábìlì. Ó bu ṣúgà rẹ̀, 190. Ó bu àgbọn, 120. Mo mú bébà tuntun, mo fa ìlà. Ó bi mí ohun tí a máa kọ sí òkè. Mo kọ "Máásà Huda", mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ nìyí. Mo mọ̀ pé ohun tí ó fẹ́ nìyí.